Ooru Tó Ń Já Wi-Fi

Ohun tí ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù kọ́kọ́ máa ń rí kì í ṣe ooru. Wi-Fi ló ń já. Láàárọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Á ka ímeèlì rẹ̀, á bá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí fídíò, inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, àwòrán ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbagidi, ohùn á máa gé, lẹ́yìn náà Wi-Fi á lọ pátápátá. Á pa ẹ̀rọ, á lọ wá nǹkan jẹ. Tó bá padà dé tó tún tàn án, Wi-Fi ti dé, kò sì ní pẹ́ tí á tún lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú sí iléeṣẹ́ tó ń ta dáta fún wọn, tí wọ́n á yí páásíwọ́ọ̀dù ráútà padà, tí wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ kí wọ́n bá wọn fi Windows tuntun sí i. Owó á jáde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àìsàn náà á ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibi tó ń gbóná.

Irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn: iléeṣẹ́ kan nílùú Òyìnbó ti lò ó fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin kó tó tà á, ó gba orí omi dé, ẹnì kan rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ó lò ó títí, ó sì fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ṣì lè ṣiṣẹ́ dáadáa ni. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí káàdì kékeré, tàbí tí wọ́n ra káàdì tuntun sí i tí tuntun náà sì ń gbóná bíi ti àtijọ́. Káàdì Wi-Fi tó ń gbóná jù kì í sábà dá gbóná. Ooru tirẹ̀ wà, ti àwọn tó yí i ká nínú ẹ̀rọ wà, ti yàrá tí a jókòó sí náà wà. Títí a ó fi mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tẹ́tẹ́ la ń fi owó wa ta.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Intel gbé Centrino, àkópọ̀ ṣípì láptọ́ọ̀pù tó ní Wi-Fi nínú, jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2003 ni Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù wá di ohun tó wọ́pọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 2006 títí di bí ọdún 2013, Mini PCIe ni irú káàdì tí ẹ ó sábà bá: bọ́ọ̀dù kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 50. Àwọn kan tó dé lẹ́yìn kúrú sí i, gígùn tiwọn kò ju 27 lọ. Ní orí kan, eyín wúrà wà tó wọ inú ihò lórí bọ́ọ̀dù ńlá. Ní orí kejì, síkúrù méjì ló dè é mọ́lẹ̀. Páànù tín-ín-rín sábà máa ń bo àárín rẹ̀. Lábẹ́ páànù yẹn ni ṣípì tó ń ṣe ìṣirò wà, àti èyí tó ń sọ ìṣirò náà di ìgbì rédíò, àti èyí tó ń fi agbára kún ìgbì náà kó tó jáde. Wáyà méjì, dúdú àti funfun, ló so mọ́ ọn lórí. Ẹ̀kẹta aláwọ̀ eérú máa ń wà lára àwọn kan. Àwọn wáyà wọ̀nyí gba ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń ṣẹ́ pọ̀ kọjá, wọ́n sì gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ, níbi tí áńténà gan-an wà.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ áńténà yẹn, nítorí ó yanjú ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ooru tí ọwọ́ wọn ń mọ̀ lára ẹ̀rọ jẹ́ ìgbì Wi-Fi tó ń wọ inú ara wọn. Rárá o. Òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ ni ìgbì ti ń jáde lọ, agbára rẹ̀ sì kéré. Ohun tí ọwọ́ ń mọ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ ooru lásán, èyí tó ti ara ṣípì bọ́ sí ara ike, tó ti ara ike bọ́ sí ara àwọ̀.

Níbo ni ooru náà ti wá? Nígbà tí káàdì bá ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, iná díẹ̀ ló ń jẹ. Ìgbà tó bá ń fi ránṣẹ́ ni iṣẹ́ wà. Káàdì inú láptọ́ọ̀pù sábà máa ń rán ìgbì tí agbára rẹ̀ wà láàárín mílíwáàtì 30 sí 100, ìyẹn ni pé kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lè rán ìwọ̀nba yẹn, ó lè gba wáàtì kan àbọ̀ iná. Gbogbo ìyókù ló di ooru. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọṣẹ́. Ìgbì tí Wi-Fi ń lò láti ìgbà tí irú Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 802.11g jáde ní 2003 kì í dúró lójú kan. Ó ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀ lójijì. Ṣípì tó ń fi agbára kún un gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ de ìgbà tó bá fò sókè jù lọ, ó sì ń jẹ iná lórí àyè náà ní gbogbo ìgbà, ì báà ṣófo.

Wáàtì kan àbọ̀ lè máà jọ nǹkan kan létí. Ṣùgbọ́n káàdì yìí kò ní fáànù tirẹ̀, kò ní irin ńlá tí ooru lè sá sí. Inú kọ̀rọ̀ tóóró ló wà, tí atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Aládùúgbò rẹ̀ sì burú jù ú lọ. Core 2 Duo tí Intel ṣe fún láptọ́ọ̀pù, èyí tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ọdún 2006 sí 2010, lè tú ooru tó tó wáàtì 34 tàbí 35 jáde tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Ìyẹn ju ìlọ́po ogún ti káàdì lọ. Ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ooru náà lọ sí ara àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí fáànù lè fẹ́ ẹ jáde. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, ooru náà kò ní àbùjá, àfi kó máa rìn káàkiri nínú ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: káàdì Wi-Fi tí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan á ti gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ohun tó sì ń dí i ni eruku. Ẹni tó bá ti lo láptọ́ọ̀pù kan la ọyẹ́ bíi mélòó kan já, lẹ́bàá ọ̀nà tí kò lọ́dà, kí ó tú fáànù rẹ̀ wò. Ara abẹ́ fáànù fúnra rẹ̀ lè mọ́ díẹ̀. Àárín fáànù àti àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn ni ẹ ó ti rí i: eruku aláwọ̀ eérú tó ti dì mọ́ irun àti òwú aṣọ, tó nípọn, tó bo ẹnu àwọn irin náà láti òkè dé ilẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ lè fi èékánná ká a kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni fífẹ́ atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wọlé kì í fi í tó. Ó kàn ń ti ìdì náà padà sínú ilé fáànù ni, lọ́jọ́ kejì fáànù á tún gbá a lu ẹnu ọ̀nà. Ẹ tú u, ẹ ká a kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èyí tó kù, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà yí kọjá bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ti yàrá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a má ṣe lò ó níbi tí ooru afẹ́fẹ́ bá ti ju dígírì 35 lọ. Lọ́sàn-án oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ní Ìbàdàn, ìta nìkan ti ń dé 34, 35. Nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, tí NEPA ti mú iná lọ, tí fáànù òkè ti dúró, ẹ̀rọ náà ti wà ní bèbè ààlà kó tó tan. Tí a bá wá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí, tí aṣọ dí ihò abẹ́ rẹ̀, kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọwọ́ ń sinmi lé wá nílò kí a fara balẹ̀ sí i, nítorí ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Nínú ThinkPad X60 tí Lenovo gbé jáde ní 2006, abẹ́ ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń sinmi lé gan-an ni káàdì Wi-Fi wà, ibẹ̀ sì máa ń gbóná débi tí àwọn tó ń lò ó fi ń ráhùn. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ooru tí ọwọ́ ń mọ̀ ni ooru tó ti rí ọ̀nà kúrò lára káàdì. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ibi ìsinmi ọwọ́ rẹ̀ tutù rọ́rọ́, tí káàdì rẹ̀ sì ń jóná nísàlẹ̀ nítorí àlàfo tó wà láàárín wọn. Ọwọ́ nìkan kò tó ṣe adájọ́.

Kí ni ooru ń ṣe fún káàdì gan-an? Ó kọ́kọ́ ń ba àkókò rẹ̀ jẹ́. Kírísítálì kékeré kan wà lórí káàdì, tó ń gbọ̀n lọ́nà kan náà láìyẹsẹ̀, òun ni gbogbo ìyókù ń tẹ̀ lé. Òfin 802.11 tí Wi-Fi ń tẹ̀ lé kò gbà kó ṣìnà ju ìwọ̀n 25 nínú mílíọ̀nù kan lọ fún káàdì tó ń lo 2.4 gígáháàtì, tí a bá ṣírò rẹ̀, kílóháàtì 60 péré ni. Ooru máa ń yí ìgbọ̀n kírísítálì padà. Tó bá pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣe é fún, pàápàá tí kírísítálì ti gbó, ìgbì káàdì á máa yà kúrò lójú ibi tí ráútà ti ń retí rẹ̀. Ráútà á máa gbọ́ àgbọ́ìgbọ́tán, á ní kó tún un sọ. Ìdí nìyí tí Wi-Fi fi kọ́kọ́ máa ń falẹ̀ kó tó já.

Tí ooru bá tún ga ju ìyẹn lọ, káàdì á dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn tó kọ díráífà káàdì Intel fún Linux fi nọ́ńbà sí i: fún àwọn káàdì kan, tí ṣípì bá gbóná dé dígírì 114, rédíò á pa ara rẹ̀, kò sì ní tan padà àfi tó bá ti wálẹ̀ sí 95. Fún àwọn tó ṣáájú wọn, 110 ni ààlà. Ẹni tó lọ jẹun tó padà wá bá Wi-Fi tó ti jí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ìsinmi yẹn ló jẹ́ kí ooru wálẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn ṣípì mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohunkóhun tó bá gbóná á wú díẹ̀, tó bá tutù á súnkì. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ojú ìsopọ̀ lè sán tí ojú lásán kò ní rí i. Káàdì tó bá ti dé ipò yìí kì í kàn já. Ńṣe ló máa ń pòórá, tí ẹ̀rọ á sọ pé kò sí káàdì Wi-Fi kankan nínú òun. Bí ó bá ń pòórá tó bá gbóná tó sì ń padà tó bá tutù pátápátá, ìrètí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ má fi í sínú ófùn pé kí lẹ́ẹ̀dì lè yọ́ padà o, bí àwọn kan ṣe ń ṣe.

Wàyí o, bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí Wi-Fi bá já, ẹ wo fóònù yín tó wà lórí ráútà kan náà. Tí ti fóònù náà bá já, ọ̀rọ̀ ráútà tàbí ti iléeṣẹ́ dáta ni, ẹ fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀. Tí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó já. Èyí tó ń já nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, tó sì ń padà ní kété tí a bá ti tẹ nǹkan, kì í sábà jẹ́ ooru. Windows ló ń pa káàdì láti fi iná pamọ́, ẹ lè yọ àmì tó gbà á láyè kúrò nínú Device Manager. Èyí tó jẹ́ ti ooru máa ń já nígbà tí iṣẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa Wi-Fi pátápátá, ẹ fi kéébù so ẹ̀rọ mọ́ ráútà, tàbí kí ẹ fi kéébù USB gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù, kí ẹ wá ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ máa ń ṣe gan-an fún wákàtí kan. Tí ibi tí káàdì wà bá ṣì gbóná bíi tàtẹ̀yìnwá, a jẹ́ pé káàdì kọ́ ló ni ooru. Aládùúgbò rẹ̀ ni, fáànù ni kí ẹ lọ bá. Kí ẹ wá dán ìdàkejì rẹ̀ wò: ẹ pa gbogbo iṣẹ́ mìíràn, ẹ gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ráútà, ẹ tan Wi-Fi, kí ẹ sì máa fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé kan náà. Èyí kò jẹ dáta rárá, torí kò jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá já níbẹ̀, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì tutù, káàdì ló lẹ́bi. Tí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà, HWiNFO á fi ìwọ̀n ooru inú ẹ̀rọ hàn yín lórí Windows. Lórí Linux, ẹ pe sensors, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ náà critical temperature nínú ohun tí dmesg bá kọ sílẹ̀. Ẹ kọ aago tí Wi-Fi já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ooru aago náà. Tí méjèèjì bá ń rìn pọ̀, ó ti dájú.

Ìyá kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń wá tẹ iṣẹ́ wọn tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń já lọ́sàn-án lójoojúmọ́, pàápàá lẹ́nu pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

“Ẹ̀ńjíníà, ẹ ṣáà bá mi ra káàdì míì sí i,” ló wí. “Àwọn ọmọ yìí ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.”

“Mà á rà á tó bá ti kú, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó.”

Aṣọ ni wọ́n ká sábẹ́ ẹ̀rọ kó má baà ha tábìlì. Ráútà wà ní yàrá ẹ̀yìn, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín wọn. Nígbà tí mo tú abẹ́ ẹ̀rọ, mo bá wáyà dúdú tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, orí rẹ̀ kò wọlé. Ẹnì kan ti pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ rí, ó tú wáyà, kò dá a padà dáadáa. Orí wáyà yìí kéré gan-an, bọ́tìnì wúrà róbótó tó ń wọ ara èkejì rẹ̀ pẹ̀lú ìró “kẹ́”. Tí ẹ kò bá gbọ́ ìró yẹn, tàbí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka, kò tíì wọlé. Àwọn tó ṣe é kò sì retí pé kí a tú u kí a tún so ó ju bí ọgbọ̀n ìgbà lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, a gbé ráútà wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, a ká aṣọ kúrò. Káàdì àtijọ́ náà ló ń lò lọ.

Kí ló kan wáyà pẹ̀lú ooru? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ronú dé. Tí áńténà bá já, tàbí tí ráútà bá jìnnà, káàdì á dà bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò: á gbé ohùn sókè, á máa fa ọ̀rọ̀ gùn, á sì máa tún un sọ. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Fáìlì mẹ́gábáìtì 10 jẹ́ mẹ́gábíìtì 80. Tí káàdì 802.11g bá ń sọ̀rọ̀ ní ìyára mẹ́gábíìtì 54 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ga jù fún un, lórí ìwé, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ló máa fi rán an tán, á sì sinmi. Tí Wi-Fi bá rẹlẹ̀ débi tí káàdì fi já wálẹ̀ sí ìyára 1, ìṣẹ́jú àáyá 80 ni fáìlì kan náà máa gbà, ṣípì agbára á sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ní ti gidi, àkókò méjèèjì máa ń gùn ju ti orí ìwé lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn kì í parẹ́. Ráútà tí a gbé súnmọ́ káàdì máa ń mú un tutù ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ fọwọ́ kan irin tó kan ilẹ̀ kí iná ara yín lè kọ́kọ́ jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: tí ibi ìsinmi ọwọ́ bá gbóná tó sì tún wú sókè, tàbí tí ibi tí à ń fi ìka darí atọ́ka nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kò ṣe é tẹ̀ mọ́, bátìrì ló ń wú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Bátìrì lítíọ́mù tó wú lè gbiná. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi lè dúró.

Tí ẹ bá ti tú u, ẹ wò bóyá páàdì rírọ̀ kan wà láàárín káàdì àti ike tàbí irin òkè rẹ̀. Páàdì yẹn ló ń gbé ooru kọjá. Ó máa ń gbẹ, ó máa ń já, ó sì máa ń sọnù lọ́wọ́ ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀ rí. Àwọn tó ń ta ohun èlò àtúnṣe ní i ní ìwọ̀n mìlímítà ààbọ̀, mìlímítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn àlàfo kí ẹ tó rà á: tó bá nípọn jù, á máa tẹ káàdì mọ́lẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́, tó bá tín-ín-rín jù, kò kan ohunkóhun. Ọ̀rá funfun tí wọ́n ń fi sí orí ṣípì ńlá kò lè ṣe iṣẹ́ páàdì, torí kò lè dí àlàfo tó tó mìlímítà. Ṣípì ńlá náà nílò ọ̀rá tuntun tirẹ̀ tí tàtijọ́ bá ti gbẹ. Ẹ má fi bébà fàdákà tàbí pẹlẹbẹ irin kankan lé káàdì lórí o. Tó bá yẹ̀ tó kan bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á kú pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè dín ohùn káàdì kù. Nínú Device Manager, lábẹ́ Advanced, púpọ̀ nínú àwọn káàdì ní ibi tí wọ́n kọ Transmit Power sí. Tí ráútà bá wà nínú yàrá kan náà, kò sídìí tó fi yẹ kó wà lókè pátápátá. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí Wi-Fi kò falẹ̀ tí ooru sì dín. Tí ráútà bá jìnnà, ẹ má ṣe é, ìyára á já wálẹ̀, ẹ ó sì tún padà sí ìṣirò òdìkejì odò yẹn.

Ó lè wá jẹ́ pé káàdì ti kú lóòótọ́. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ kan kì í gba àlejò. ThinkPad àtijọ́ á kọ àṣìṣe 1802 sójú ẹ̀rọ, kò sì ní tẹ̀ síwájú, tó bá rí káàdì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ. Àwọn HP kan náà ní 104 tiwọn. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì àtijọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè irú rẹ̀ gan-an lọ́jà. Tí ẹ̀rọ bá gba èyíkéyìí, káàdì 802.11n, tí wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní 2009, dára ju 802.11g lọ fún ọ̀ràn ooru pẹ̀lú, nítorí ó máa ń tètè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo sì máa ń gba àwọn tí owó wọn kò pọ̀ nímọ̀ràn jù ni Wi-Fi kékeré tí à ń kì bọ ihò USB. Ihò USB 2.0 lè fún un ní wáàtì méjì àbọ̀, ó tó o. Ìta ni ooru rẹ̀ á wà, kò ní bá ti aládùúgbò pàdé, kò sì sí BIOS tó máa lé e. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yọ káàdì inú kúrò, kí ẹ sì fi tépù we orí àwọn wáyà áńténà tó kù kí wúrà wọn má baà kan bọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó fi gbogbo síkúrù dè é padà, ẹ dán an wò. Lọ́sàn-án ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí yàrá bá gbóná dáadáa, kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi tí ẹni tó ni ín máa ń lò ó gan-an, kí ẹ máa fi fáìlì ńlá yẹn ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kejì fún wákàtí kan, kí ẹ sì máa wo ìyára rẹ̀. Tí ìyára bá bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ooru kan ṣì wà tí ẹ kò tíì rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wi-Fi kò tíì já.